Tọkọtaya ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀yà méjì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nítorí àwòrán kòkòrò dúdú méjì tó jáde lójú-ìwé sáyẹ́ǹsì yín ni a ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé “yímíyímí igbó Yúróòpù, ẹ̀yà méjì: èyí tó ń dán àti èyí tí kò dán.” Àṣìṣe méjì ló wà nínú gbólóhùn kékeré yẹn. Yímíyímí kọ́ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹ̀yà méjì. Akọ ni èyí tó ń dán, abo ni èyí tí kò dán. Tọkọtaya lẹ tú ká lórí ìwé.

A kò fi èyí bú yín o. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn wọn nìkan yóò ṣi orúkọ pè, torí pé ẹ̀yìn gan-an ni kòkòrò ilẹ̀ igbó ti ń jọra jù. Fọ́tò tí a yà láti òkè, ì báà mọ́ bí ojú ọ̀run, kì í sábà tó láti sọ irú ẹ̀yà tí wọ́n jẹ́. Ikùn wọn ni ká wò, ká wo ẹsẹ̀, ká wá ihò tí irun ti hù, ká sì wo ẹ̀yà ara tí akọ fi ń gun abo. Ibẹ̀ ni orúkọ wà.

Abax parallelepipedus ni orúkọ kòkòrò tí ẹ gbé jáde. Ìdílé Carabidae ló ti wá, ìdílé ńlá tó ní ẹ̀yà bíi 40,000 káàkiri ayé. Abẹ́ ewé gbígbẹ, abẹ́ igi tó wó tó ń jẹrà àti abẹ́ òkúta nínú igbó Yúróòpù ni ilé rẹ̀, òru ló sì máa ń jáde ṣọdẹ kòkòrò mìíràn, ekòló àti ìgbín tí kò ní ìkarahun. Kì í fò. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ síbi gbogbo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá gé igbó sí wẹ́wẹ́, ọgbà igi tó gùn láàárín oko ló máa ń tọ̀ láti igbó kan dé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ yímíyímí. Kì í ṣe gbogbo kòkòrò dúdú tó ní èèpo líle lẹ́yìn ni yímíyímí, bí kì í ti í ṣe gbogbo ẹyẹ dúdú ni kannakánná. Ìwo méjì orí tí yímíyímí fi ń kan nǹkan wò parí sí abẹ̀bẹ̀ kékeré tó lè ṣí tó sì lè padé, ojúgun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ fẹ̀ ó sì ní eyín bí ayùn, nítorí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwà. Ìwo ti Carabidae rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú láti ìdí dé orí, oríkèé rẹ̀ jẹ́ 11, kò sì sí abẹ̀bẹ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ fi awò wo inú ojúgun ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀: ẹ ó rí ibi tó gé wọlé díẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, irun kúkurú tò síbẹ̀ bí eyín òòyà. Òòyà ni lóòótọ́. Kòkòrò náà á gbé ìwo rẹ̀ síbẹ̀, á fà á gba àárín irun náà kọjá, eruku á kù sẹ́yìn. Yímíyímí kò ní irú rẹ̀.

Àwọn dúdú mìíràn tún wà tí kì í ṣe yímíyímí tí kì í sì í ṣe Carabidae, pàápàá àwọn ará ìdílé Tenebrionidae tí wọ́n máa ń rọra rìn lábẹ́ èèpo igi. Oríkèé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ẹ kà. Márùn-ún márùn-ún ni ti Carabidae lórí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn tí a wí yìí ní márùn-ún lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin iwájú, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré lórí ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ló wá kù: ẹ yí kòkòrò náà padà kí ikùn rẹ̀ kọjú sókè. Ní ti ọ̀pọ̀ kòkòrò oníyẹ̀ẹ́ líle, awẹ́ àkọ́kọ́ tí a ń rí lára ikùn lọ geere láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ní ti Carabidae, ìdí itan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tóbi débi pé ó la awẹ́ náà já pátápátá, kìkì igun méjì ló ṣẹ́ kù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lẹ́bàá ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ègé kan tó yọ gẹ́gẹ́rẹ́ lára ìdí itan, tó rí bíi kíndìnrín kékeré. Bí ẹ kò bá rí nǹkan méjèèjì yìí, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà ka poro ẹ̀yìn rẹ̀, ìdílé mìíràn lẹ mú.

A ní poro, ẹni tó bá ti dé oko rí á sì mọ ohun tí à ń wí. Ìyẹ́ òkè kòkòrò yìí, èyí tó le bí èèpo, rí bí oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ: poro ní ìlà, ebè láàárín wọn. Láti ojú ibi tí ìyẹ́ méjèèjì ti pàdé láàárín ẹ̀yìn ni a ti ń kà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ebè kìíní wà láàárín ojú ìpàdé yẹn àti poro kìíní, ebè kẹta wà láàárín poro kejì àti ìkẹta, ebè keje wà láàárín poro kẹfà àti ìkeje. Ibi tí èèyàn ti ń ṣìnà rèé: lẹ́bàá ọrùn, poro kúkurú kan máa ń wà tí kì í dé ibì kankan. Ẹni tó bá kà á mọ́ àwọn tó kù, gbogbo òǹkà rẹ̀ ti fi ẹyọ kan yẹ̀. Àárín ìyẹ́ ni kí ẹ ti kà, kí ẹ wá fi ojú tọ poro náà padà sí èjìká.

Ibi èjìká yẹn ni Abax parallelepipedus ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ebè keje, ebè náà dìde di òkè tẹ́ẹ́rẹ́ mímú, bí ìdí ọkọ̀ ojú omi tí a dojú rẹ̀ dé. Tí iná bá wá láti ẹ̀gbẹ́, òjìji rẹ̀ máa ń hàn kedere. Nǹkan kejì ni ebè kẹta: ihò kankan kò sí níbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì nítorí Pterostichus niger, kòkòrò dúdú kan tí wọ́n jọ ń gbé inú igbó kan náà tí gígùn wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, sábà máa ń ní ihò mẹ́ta lórí ebè kẹta. Pterostichus melanarius, tó kéré sí i díẹ̀, sábà máa ń ní méjì. Kò sì sí òkè mímú léjìká èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Ihò ni ẹ máa wá, kì í ṣe irun. Irun máa ń já nígbà tí kòkòrò ń wọ abẹ́ igi tàbí nígbà tí à ń nù ún, ihò tí irun ti hù kì í kúrò. Bí ẹrẹ̀ bá sì dí ihò náà, ẹ ó rò pé kò sí, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ló yẹ kó ṣáájú máíkírósíkóòpù.

Àwọn àmì tó kù kò gba àlàyé gígùn. Gígùn ara rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 16 sí 22. Ó fẹ̀, ó pẹlẹbẹ díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì lọ gbọnrangandan bí àpótí, kò fún níbàdí bíi ti ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀. Àwo tó bo ẹ̀yìn ọrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìdí ìyẹ́, igun ẹ̀yìn rẹ̀ dá ṣáṣá, kòtò gígùn méjì sì wà níhà kọ̀ọ̀kan nídìí rẹ̀. Irun méjì ló wà lókè ojú kọ̀ọ̀kan. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ dán láìní eyín. Bí èékánná bá ní eyín bí òòyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìran (ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tó bára tan) Calathus lẹ mú, ó sì yẹ kí ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, torí wọ́n kéré sí i dáadáa.

Ní Bírítéènì, òun ni ẹ̀yà ìran Abax tó wọ́pọ̀ jù, iṣẹ́ rọrùn níbẹ̀. Ní àárín gbùngbùn Yúróòpù, Abax parallelus àti Abax ovalis ń bá a gbé igbó kan náà. Méjèèjì kéré sí i, ovalis sì kúrú ó tún rí roboto débi pé ojú á fura kí rúlà tó dé ibẹ̀. Parallelus ló máa ń da ojú rú, nítorí òun náà gùn gbọnrangandan. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà ara akọ ti ń dá ẹjọ́.

Ó wá kan ti dídán, tó fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Tí ẹ bá gbé ìyẹ́ abo sábẹ́ máíkírósíkóòpù tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 40, ẹ ó rí i pé àwọ̀n tín-tìn-tín bo orí àwọn ebè náà, ojú àwọ̀n kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Àwọ̀n yẹn ló ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ni ìyẹ́ fi rí bí èédú. Ti akọ kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, a ní ó ń dán. Kì í ṣe àwọ̀ ló yàtọ̀. Dúdú kan náà ni wọ́n. Ẹni tí kò bá ní máíkírósíkóòpù lè fi awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wo àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú: ti akọ, oríkèé mẹ́ta àkọ́kọ́ fẹ̀ bí ọkàn tí a yà sórí ìwé, irun alálẹ̀mọ́ tò sábẹ́ wọn, òun ló fi ń di ẹ̀yìn abo mú. Ti abo, gbogbo oríkèé rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún fọ́tò yín wò dáadáa. Ẹsẹ̀ iwájú èyí tó ń dán fẹ̀, ti èkejì kò fẹ̀. Ẹ̀rí wà nínú àwòrán náà fúnra rẹ̀.

Iná tún lè tan èèyàn jẹ. Iná kan ṣoṣo tó le máa ń mú kí akọ dán bíi dígí, ó sì lè mú kí abo náà dán díẹ̀. Ẹ fi bébà funfun tó fẹ́lẹ́ yí kòkòrò náà ká kí iná gba inú rẹ̀ kọjá, nígbà náà ni àwọ̀n yẹn á jáde. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo di àgbà. Awọ wọn á pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyẹ́ wọn á rọ̀. A ti rí lébẹ́ẹ̀lì tó pe irú wọn ní “ẹ̀yà pupa.” Bí ìyẹ́ bá tẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ọmọdé ni, ẹ má kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀yà.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Matthias Piller àti Ludwig Mitterpacher ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1783, lẹ́yìn ìrìn àjò tí wọ́n rìn lọ sí agbègbè Požega ní Slavonia, tó wà ní Croatia lónìí. Carabus parallelepipedus ni wọ́n pè é, torí láyé ìgbà yẹn, inú ìran Carabus tí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, dá sílẹ̀ ní 1758 ni wọ́n ń kó gbogbo irú kòkòrò yìí sí. Ní 1810, onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Bonelli ya ìran Abax sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń fi àkámọ́ yí orúkọ àwọn méjì náà ká: Abax parallelepipedus (Piller & Mitterpacher, 1783). Àkámọ́ yẹn ń sọ fún wa pé ìran mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀yà náà sí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́, nítorí náà ẹ má yọ ọ́, ẹ má sì fi kún èyí tí kò ní in. Ní 1789, onímọ̀ mìíràn, de Villers, tún fún kòkòrò kan náà ní orúkọ mìíràn, ater, ìyẹn dúdú, òun sì ni ẹ ó bá nínú ìwé àtijọ́. Orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ló ń borí. Ní tiwa, èyí àkọ́kọ́ dára jù lọ́nà gbogbo: nínú ìdílé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dúdú, kí ni “dúdú” ń sọ fúnni?

Ẹni tó bá fẹ́ mú un láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀fìn ni yóò gbẹ́ fún un, lẹ́yìn tó bá ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni igbó. Ife ike méjì tó wọnú ara wọn ló dára, tí ẹnu wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Ti ìta á wà nínú ilẹ̀ títí, ti inú ni a ó máa yọ, kí yẹ̀pẹ̀ má baà ya wọlé. Ẹnu ife gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bó bá fi mìlímítà méjì péré yọ sókè, kòkòrò á fi ìwo kàn án, á yà. Kí ẹ bu omi pẹ̀lú propylene glycol (kẹ́míkà olómi tí kì í jẹ́ kí òkú kòkòrò jẹrà) ní ìdajì-ìdajì sí i títí á fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ fi ẹ̀kán ọṣẹ kan tí kò ní òórùn sí i kí kòkòrò lè rì. Ethylene glycol kò dára, ó dùn lẹ́nu ẹranko ó sì ń pa wọ́n. Ẹ bo orí rẹ̀ ní gíga sẹ̀ǹtímítà 3 sí 4, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjò á kún un, gbogbo ohun tí ẹ mú á ṣàn lọ. Ẹ fi wáyà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 15 bo ẹnu rẹ̀ kí eku kéékèèké má baà kó sí i, kí ẹ máa kó o jáde lọ́sẹ̀ méjì méjì. Kòkòrò máa ń rọ́ wọ ọ̀fìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, nítorí náà iye ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe iye tòótọ́. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, iye tó kó sí ọ̀fìn ń sọ bí wọ́n ṣe ń rìn tó, kò sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi mú wọn láàyè, ẹ má kó méjì sínú ìgò kan. Ọdẹ ni wọ́n, ọ̀kan á já ẹsẹ̀ èkejì, àmì tí ẹ ń wá á sì bá a lọ. Wọ́n tún máa ń tú omi olóòórùn líle jáde nídìí, kí ẹ má fi ọwọ́ yẹn nu ojú.

Ọtí ethanol ìdá 70 nínú 100 ló ń tọ́jú òkú rẹ̀ dáadáa. Ẹsẹ̀ kan tí a bá fẹ́ fi yẹ DNA wò ní láti wà nínú ethanol ìdá 96, lọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ kòkòrò tó gùn ní mìlímítà 38 ni ẹ ó fi gún un, lára ìyẹ́ ọ̀tún lókè, kó jáde láàárín ẹsẹ̀ àárín àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyẹ́ ọ̀tún là ń gún nígbà gbogbo, kí apá òsì lè wà ní pípé fún òǹkà poro. Ẹ̀yà ara akọ ni à ń yọ lẹ́yìn tí a bá ti fi omi gbígbóná rọ òkú náà: abẹ́rẹ́ méjì láti ẹnu ìdí, rọra, kí ìdí má ya. Ọ̀pá kékeré tó tẹ̀ bí ọrun ni, ìyẹ́ kékeré méjì tí kò dọ́gba sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú glycerin lábẹ́ abẹ́rẹ́ kan náà. Ti ọmọdé máa ń súnkì bó bá gbẹ, á sì dà bí ẹ̀yà tuntun. Orúkọ èké mélòó kan ti ibẹ̀ wá, a kò ní ka àwọn onílé wọn.

Lébẹ́ẹ̀lì ni ẹlẹ́rìí. Orílẹ̀-èdè, ibi pàtó, ìwọ̀n ibùdó lórí máàpù, gíga ilẹ̀, ọjọ́, irú igbó, bí a ṣe mú un àti ẹni tó mú un. Lórí lébẹ́ẹ̀lì kejì ni orúkọ ẹ̀yà, ẹni tó dá a mọ̀ àti ọdún. Wọn kì í sí papọ̀, torí orúkọ lè yí padà, ibi tí a ti mú un kò lè yí padà láé.

Ní ti ẹni tó bá rò pé ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí ni òun mú, bí àkọlé yín ṣe sọ “èyí tí kò dán” di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ láìsí orúkọ, òfin wà fún un. Láti ọdún 2000, orúkọ tuntun kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí òǹkọ̀wé bá sọ gbangba pé tuntun ni, tó yan ẹyọ tó di òdiwọ̀n orúkọ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní holotype bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tó sì sọ inú àkójọ tí ẹyọ náà wà tàbí tí yóò wà. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti jáde lẹ́yìn 2011, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti wà nínú ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì sọ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀. Yàtọ̀ sí òfin, àpèjúwe tó dára máa ń sọ ibi tí ìwọ̀n gígùn ti bẹ̀rẹ̀, àgbọ̀n ni tàbí ètè òkè, torí mìlímítà kan lè tibẹ̀ yàtọ̀. Kí ó sọ iye akọ àti abo tí wọ́n wọ̀n. Kí ó sì dárúkọ ẹ̀yà tó sún mọ́ ọn jù, pẹ̀lú àmì kan ó kéré tán tí ẹlòmíràn lè fi ojú ara rẹ̀ rí. DNA ń ranni lọ́wọ́, ègé apilẹ̀ àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní COI, tó gùn ní lẹ́tà DNA 658, ni wọ́n sábà máa ń kà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ́kọ́ fi í sínú àkójọ bá ṣi orúkọ pè, gbogbo ẹni tó bá fi tirẹ̀ wé e á bá a ṣì í.

Ẹ jọ̀wọ́, nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, ẹ bá wa kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà báyìí: “Abax parallelepipedus, akọ lápá òsì, abo lápá ọ̀tún.” Bí ayàwòrán yín bá ṣì ní òkú wọn lọ́wọ́, kó yí wọn padà, kó ya ikùn àti àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú, kó sì fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Àwa ni,
Àwọn òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ kòkòrò